Nígbà Tí Bíréèkì Ẹ̀yìn Kò Bá Mú Mọ́

Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn ọlọ́kadà àti àwọn mẹkáníìkì alùpùpù

Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́, ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tí ẹ jókòó sẹ́yìn yẹn, mo kí gbogbo yín o. Ẹ kú ìkàlẹ̀.

Bíréèkì ẹ̀yìn tí kò mú ni wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé lórí. Bí ọlọ́kadà bá gbé ẹjọ́ yìí wá fún mẹkáníìkì, ohun méjì ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Mẹkáníìkì á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á fún nọ́ọ̀tì tó wà nídìí rọ́ọ̀dù, á ní, "Ó ti dáa, ẹ máa lọ." Bí ìyẹn kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, á ní kí wọ́n lọ ra láìnì tuntun, ìyẹn ohun líle inú bíréèkì tó ń gbo tó sì ń jẹ. Èrò tèmi ni pé ọ̀pọ̀ ìgbà la ń ṣe ohun méjèèjì yìí láì tíì mọ ohun tó ń ṣe bíréèkì. Agbára tí ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ń sọnù sójú ọ̀nà kó tó dé ara táyà, a kò sì wá ibi tó ń sọnù sí. Bí omi bá ń kán tóó-tóó lẹ́nu ẹ̀rọ, ọlọ́gbọ́n kì í sáré pààrọ̀ ẹnu ẹ̀rọ. Á tọ páìpù lọ títí á fi rí ibi tó ń jò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo fẹ́ ká tọ bíréèkì yìí lọ lónìí, láti ẹsẹ̀ dé táyà.

Bajaj Boxer ni mo fẹ́ ká fi ṣe àpẹẹrẹ, torí òun ló kún títì wa, bíréèkì ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ọ̀kadà tí a fi ń ṣiṣẹ́: oní-họ́ọ̀bù ni, ìyẹn irin róbótó bí agolo tó wà láàárín táyà tó ń bá a yí, kì í ṣe oní-dísìkì. Ètò yìí kì í ṣe ohun tuntun. Louis Renault, ará Faransé tó ń ṣe mọ́tò, ti gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú rẹ̀ ní 1902, ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò sì tíì yí padà.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún yín tẹ pẹ́dà. Pẹ́dà fa rọ́ọ̀dù gígùn tó lọ sẹ́yìn. Rọ́ọ̀dù fa apá kékeré kan tó wà lára páńẹ́lì, ìyẹn awo irin tó bo ẹnu họ́ọ̀bù. Apá náà yí kámù tó wà nínú. Kámù ti ṣúù méjèèjì síta, ìyẹn irin méjì tó tẹ̀ kọrọdọ tí láìnì lẹ̀ mọ́, láìnì ara wọn sì gbo inú họ́ọ̀bù tó ń yí. Ibẹ̀ ni eré ọ̀kadà ti ń di ooru, òun ni táyà fi ń dúró. Ẹ mọ èyí pẹ̀lú: nínú ṣúù méjèèjì, ọ̀kan wà tí yíyí họ́ọ̀bù ń wọ́ mọ́ra, tó ń mú un le sí i, tí họ́ọ̀bù sì ń ti ìkejì dànù. Ìdí nìyẹn tí láìnì kan fi máa ń tètè jẹ ju èkejì lọ. Bí ẹ bá tú u tí ẹ rí i bẹ́ẹ̀, ẹ má bẹ̀rù, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ẹ má tíì mú sípánà o. Ẹ gbé ọ̀kadà sórí sítáńdì ńlá, ẹ fi jíà sí fíríì, kí ẹ fi ọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn. Ó yẹ kó yí fàlàlà. Bó bá ń há, tàbí tó ń há níbì kan tó sì ń tú níbòmíì, ẹ fi sọ́kàn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ tẹ orí pẹ́dà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí tí bíréèkì yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í mú. Ìrìn ọ̀fẹ́ yẹn, láti ibi tí pẹ́dà wà dé ibi tó ti mú, kó má ju sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 lọ, kó má sì dín sí i. Bó bá pọ̀ jù, ẹsẹ̀ yín yóò ti kan irin tí ẹ ń gbé ẹsẹ̀ lé kí bíréèkì tó mú. Bó bá kéré jù, ṣúù ń fara kan họ́ọ̀bù nígbà tí ẹ kò tilẹ̀ tẹ ohunkóhun.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí jù lọ ni èyí tó kàn. Ẹ ní kí ẹnìkan tẹ pẹ́dà gbọn-ingbọn-in kó má fi sílẹ̀. Kí ẹ̀yin bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ táyà, kí ẹ wo apá kékeré yẹn àti rọ́ọ̀dù tó ń fà á. Ní àkókò tí bíréèkì mú tán, ó yẹ kí àwọn méjèèjì ṣe igun tó gún, bí igun ilé tí ọ̀gá bíríkìlà fi okùn wọ̀n, tàbí kó kù díẹ̀ kó dé bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, gbogbo fífà tí rọ́ọ̀dù ń fà ló ń lọ sínú yíyí kámù. Ṣùgbọ́n bí apá náà bá ti kọjá igun yẹn, tó ti fẹ́ sùn síwájú, apá kan agbára ẹsẹ̀ yín ń fa ọ̀pá kámù lásán ni, kò yí i. Ẹ lè fi gbogbo ara yín dúró lórí pẹ́dà, ọ̀kadà yóò máa lọ.

Kí ló ń gbé apá náà dé ibẹ̀? Nọ́ọ̀tì tí a ń fún lójoojúmọ́ ni. Láìnì ń jẹ, inú họ́ọ̀bù ń fẹ̀, a ń fún nọ́ọ̀tì láti dí àlàfo náà. Lóòótọ́, pẹ́dà padà sí bó ṣe wà, ọkàn wa sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí a bá fún un ni apá náà ń sún síwájú díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, nọ́ọ̀tì tó ti rìn jìnnà wọnú rọ́ọ̀dù, tí okùn rọ́ọ̀dù gígùn ń yọ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rí ni pé ohun kan nínú ti jẹ tán. Lára àwọn ọ̀kadà kan, àmì ọfà kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ apá náà tó ń sọ ibi tí a kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ẹ nu ẹrẹ̀ kúrò lójú rẹ̀ kí ẹ wò ó. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ló ti ń gun ọ̀kadà rẹ̀ tipẹ́ láì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tú u wàyí. Ẹ kọ́kọ́ tú nọ́ọ̀tì rọ́ọ̀dù sílẹ̀ pátápátá, torí họ́ọ̀bù tó ti jẹ máa ń ní ètè létí tó ń há ṣúù mọ́ inú, àwọn ọmọ iṣẹ́ á wá máa fi hámà lù ú. Bí ẹ bá ti yọ táyà, ẹ wọn láìnì níbi tó ti tín-ín-rín jù. Bí kò bá ju mìlímítà 2 lọ mọ́, ó ti tó kí ẹ ju ṣúù náà nù, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kì í ṣe ọ̀kan. Ẹ tún wo inú họ́ọ̀bù. Lára ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n kọ MAX pẹ̀lú nọ́ńbà sí i lára. Họ́ọ̀bù tó jẹ́ mìlímítà 110 nígbà tó wà ní tuntun, 111 ni wọ́n sábà máa ń kọ sí i. Bó bá ti fẹ̀ ju ìyẹn lọ, láìnì tuntun kò ní ṣe é ní oore kankan. Ẹ rò ó wò: ṣúù tuntun ní yíyípo tirẹ̀, họ́ọ̀bù tó ti jẹ ní tirẹ̀ tó tóbi jù ú lọ. Àárín ṣúù nìkan ni yóò kan ara họ́ọ̀bù, orí àti ìdí rẹ̀ yóò wà lófìfo. Ẹni tó ra láìnì lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan, tí bíréèkì rẹ̀ kò sì mú, họ́ọ̀bù ni kó lọ wọ̀n.

Kámù ńkọ́? Òun ni a sábà máa ń gbàgbé. Omi òjò àti ẹrẹ̀ ń wọ ibi tí ọ̀pá rẹ̀ gbà kọjá lára páńẹ́lì, ó ń dípẹtà, ó sì ń le. Ẹsẹ̀ yín á máa bá ìpẹtà jà, ohun tó bá ṣẹ́kù ni láìnì yóò rí gbà. Àmì rẹ̀ ni pé bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, pẹ́dà kì í tètè padà sókè. Ẹ fa ọ̀pá náà yọ, kí ẹ tó yọ apá rẹ̀ kí ẹ wo àmì tí wọ́n gbẹ́ sí orí àwọn méjèèjì kí ẹ lè dá a padà sí ojú kan náà. Ẹ fi sándípépà họ ọ́, ẹ fi gírísì tí ooru kì í tètè yọ́ pa á, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́. Mo tún un sọ, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, torí gírísì tó bá pọ̀ á yọ́ lọ sára láìnì, bíréèkì tí ẹ fẹ́ tún ṣe á wá burú ju ti àná lọ. Ẹ wo sípíríǹgì tó ń fa ṣúù padà náà. Bó bá ti fẹ̀ tàbí tó ti dípẹtà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì lórí láìnì wá kàn. Ọ̀nà méjì ló ń gbà dé ibẹ̀ jù. Èkíní, bẹ́ríǹ táyà ẹ̀yìn tí rọ́bà ìdérí rẹ̀ ti já, gírísì ń sun jáde. Èkejì, àwa fúnra wa: ọ́ìlì kọ́ńdẹ̀mù tí a ń da sórí ṣéènì. Bí a bá dà á bí ẹni da omi, eré táyà á fọ́n ọn káàkiri, á sì wá ọ̀nà wọ họ́ọ̀bù. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń da bẹntiróò sórí irú láìnì bẹ́ẹ̀, wọ́n á ṣáná sí i kí ọ́ìlì lè jó kúrò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ohun tó wà lójú láìnì ló jó. Èyí tó ti wọnú rẹ̀ wà níbẹ̀, ọjọ́ tí bíréèkì bá gbóná dáadáa lórí òkè ló máa jáde. Ká má tilẹ̀ sọ ti iná tí a ń dá ní ṣọ́ọ̀bù tí bẹntiróò wà ní gbogbo igun. Láìnì tó ti mu ọ́ìlì ti kú. Ẹ wá ibi tí ọ́ìlì ti ń wá, ẹ dí i, kí ẹ tó fi òmíràn sí i.

Nígbà míì ẹ ó tú u, láìnì ṣì nípọn, ó gbẹ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń dán bíi dígí. Ooru ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ dúró díẹ̀ síbí, torí ohun tó máa ń fa ooru yìí kì í sábà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ bíréèkì rárá. Ṣéènì dẹ̀, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ó fa táyà sẹ́yìn kí ṣéènì lè le. Bí táyà ṣe lọ sẹ́yìn, páńẹ́lì àti apá kékeré náà bá a lọ, rọ́ọ̀dù sì le tantan. Ìrìn ọ̀fẹ́ inú pẹ́dà ti tán láì sí ẹni tó fọwọ́ kan bíréèkì. Láti ọjọ́ náà ni ṣúù yóò ti máa gbo họ́ọ̀bù láàárọ̀ lálẹ́. Bẹntiróò á máa tètè tán, họ́ọ̀bù á gbóná débi pé gírísì bẹ́ríǹ á yọ́, ojú láìnì á di dígí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọlọ́kadà á padà wá, á ní bíréèkì òun kò mú. Mẹkáníìkì á sì fún nọ́ọ̀tì sí i! Ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kan ṣéènì, kó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì bíréèkì kó tó dìde níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo lẹ máa gbé lọ sílé nínú ọ̀rọ̀ mi, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìyẹn. Àwọn tó ń sinmi ẹsẹ̀ lórí pẹ́dà bí wọ́n ṣe ń lọ náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí sí ọ̀kadà ara wọn.

Láìnì tó ń dán, ẹ lè fi sándípépà líle họ ojú rẹ̀ títí dídán yẹn yóò fi lọ, kí ẹ sì fi họ inú họ́ọ̀bù náà. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gbọ́ èyí, pàápàá ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́. Eruku dúdú tó wà nínú họ́ọ̀bù yẹn kì í ṣe eruku ilẹ̀. Asbestos, ohun kan bí òwú tí a ń wà nínú òkúta, wà nínú ọ̀pọ̀ láìnì àtijọ́, ẹnikẹ́ni kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ayédèrú tó wà lọ́jà. Ẹni tó bá ń fa asbestos símú, àìsàn rẹ̀ lè pẹ́ tó 20 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó yọjú ní ẹ̀dọ̀fóró, jẹjẹrẹ sì wà nínú rẹ̀. Ọmọ ọdún 15 tó ń fi ẹnu fẹ́ họ́ọ̀bù lónìí, tàbí tó ń fi kòǹpírésọ̀ fẹ́ ẹ, kò ní mọ̀ títí yóò fi di bàbá ọlọ́mọ. Ẹ̀yin ọ̀gá, ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n kó fún yín láti kọ́ ní iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi àkísà tútù nu ún, kí wọ́n fi omi rin láìnì kí wọ́n tó họ ọ́, kí wọ́n da nǹkan bo imú, kí wọ́n sì di àkísà náà sínú ọ̀rá kí wọ́n tó jù ú nù.

Àwọn àbùjá kan wà tí mo kórìíra, mi ò ní fi bò. Ọ̀kan ni pé kí mẹkáníìkì yọ apá kékeré náà kúrò lórí ọ̀pá kámù, kó sún un ní eyín kan sẹ́yìn, kó lè tún rí àyè fún nọ́ọ̀tì. Òmíràn ni kí wọ́n gé páànù agolo sí ẹsẹ̀ ṣúù kó lè ga. Bíréèkì á mú lóòótọ́, fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n kámù ti ń yí kọjá ibi tí wọ́n ṣe é fún. Ọjọ́ kan tí láìnì bá jẹ díẹ̀ sí i, kámù á yí kọjá òdiwọ̀n, kò ní padà mọ́, táyà ẹ̀yìn á sì kú dúró lójú eré. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí tí èrò méjì bá wà lẹ́yìn. Ìkẹta kì í ṣe àbùjá, àìbìkítà ni: irin gbọọrọ tó di páńẹ́lì mú kó má bàa bá táyà yí. Bóòtì rẹ̀ ní píìnì kékeré kan tí a máa ń la ẹnu rẹ̀ kí nọ́ọ̀tì má bàa tú. Ẹ má fi àjákù wáyà rọ́pò rẹ̀, ẹ má sì gbàgbé rẹ̀ sílẹ̀. Bí irin yẹn bá bọ́, páńẹ́lì yóò yí lẹ́ẹ̀kan náà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, á já rọ́ọ̀dù, á sì há táyà.

Bí ẹ bá ń tò ó padà, ẹ má tíì fún nọ́ọ̀tì ńlá ọ̀pá táyà tán. Ẹ yí táyà, ẹ tẹ pẹ́dà gbọn-in kí ẹ di í mú bẹ́ẹ̀, ìgbà yẹn ni kí ẹ wá fún nọ́ọ̀tì ńlá náà. Ṣúù á fúnra wọn wá àárín họ́ọ̀bù, wọn yóò sì kàn án ní ọgbọọgba. Iṣẹ́ tí kò gbani ní ìṣẹ́jú kan ni, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì ń hàn lábẹ́ ẹsẹ̀.

Ẹnìkan lè bi mí pé, "Gbogbo èyí la ṣe, kí ló dé tí bíréèkì ẹ̀yìn kò tún dá ọ̀kadà dúró lójú ẹsẹ̀?" Ìbéèrè gidi ni. Bí a bá tẹ bíréèkì, ìwúwo ọ̀kadà àti ti ẹni tó gùn ún máa ń dà síwájú, táyà ẹ̀yìn á fúyẹ́. Táyà tó fúyẹ́ kò lè di ilẹ̀ mú dáadáa. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jù, á yọ̀. Nítorí náà, bíréèkì iwájú ló ní agbára jù. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín bẹ̀rù rẹ̀, àwọn mìíràn ti tú wáyà rẹ̀ dànù, wọ́n ní ó ń gbé èèyàn ṣubú. Yànrìn àti ilẹ̀ tó ń yọ̀ ló ń gbé èèyàn ṣubú, àti fífà á lójijì. Ẹ fà á díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú tẹ̀yìn. Ọ̀kadà tó ń sá 40 kìlómítà ní wákàtí kan ń rìn tó mítà 11 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo, kí ẹsẹ̀ yín tó kan pẹ́dà rárá nìyẹn. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ìrìn tí bíréèkì nílò láti fi dúró á di ìlọ́po mẹ́rin. Kò sí láìnì tó lè yí ìyẹn padà. Lóòótọ́, bí ẹ bá gbé èrò tàbí àpò sìmẹ́ǹtì sẹ́yìn, ìwúwo tó wà lẹ́yìn pọ̀ sí i, bíréèkì ẹ̀yìn sì rí iṣẹ́ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà yẹn gan-an ni ó gbọ́dọ̀ wà ní pípé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ lórí òkè, Ẹfọ̀n Alààyè, Ìdànrè, àti àwọn ọ̀nà Èkìtì yẹn, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀ yín. Ẹ má fi jíà sí fíríì nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ nítorí àti ṣọ́ bẹntiróò. Ẹ́ńjìnnì tó wà nínú jíà kékeré ń bá yín di ọ̀kadà mú. Bí ẹ bá yọ ọ́, bíréèkì nìkan ló kù, ooru á pọ̀ nínú họ́ọ̀bù títí láìnì yóò fi máa yọ̀ lára rẹ̀, ẹsẹ̀ yín á dé ìsàlẹ̀, kò ní sí nǹkan kan níbẹ̀. Bí ẹ bá gba inú omi kọjá lásìkò òjò, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹ ṣe ń lọ jẹ́jẹ́, títí omi inú rẹ̀ yóò fi gbẹ.

Ti oní-dísìkì kò pọ̀ láàárín wa, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Bí pẹ́dà rẹ̀ bá ń rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ bíi fóòmù, afẹ́fẹ́ ti wọ inú òróró bíréèkì, ẹ fà á jáde. Òróró náà máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, nítorí náà ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ ní bí ọdún méjì-méjì. Irú èyí tí wọ́n kọ sórí ìdérí rẹ̀ ni kí ẹ lò, DOT 3 tàbí DOT 4. Ẹ má da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i láé, rọ́bà inú rẹ̀ á wú.

Láìnì tuntun kì í mú tó bó ṣe yẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, torí ojú rẹ̀ kò tíì bá ojú họ́ọ̀bù mu. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ibi tí kò sí ọkọ̀, ẹ sáré díẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ẹ tún ṣe é, láì gbé èrò kankan. Ẹ fọwọ́ kan họ́ọ̀bù lẹ́yìn rẹ̀: kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó má jó yín lọ́wọ́. Ẹ wò ó bóyá iná bíréèkì ẹ̀yìn ń tàn nígbà tí ẹ bá tẹ pẹ́dà, torí nọ́ọ̀tì tí a yí máa ń yí àkókò tó ń tàn padà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún wọn ìrìn ọ̀fẹ́ pẹ́dà. Yóò ti pọ̀ sí i díẹ̀, ẹ fún nọ́ọ̀tì padà sí sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, kí ẹ sì rí i pé táyà ṣì ń yí fàlàlà.